Asà Orí Pósí Màmá Àgbà

Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ṣókí nípa màmá àgbà sínú ìwé ètò ìsìnkú, kí n sì rí i pé ó dùn létí. Ẹ̀gbọ́n màmá mi, Àǹkù Dàpọ̀, tí í ṣe àkọ́bí màmá àgbà, tiẹ̀ ti bá mi kọ ìlà àkọ́kọ́: ìyá jẹ́jẹ́, oníwà tútù, tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ta ni wọ́n ń sọ? Màmá àgbà tí mo mọ̀ bá pásítọ̀ jà, wọ́n bá àwọn tó ń tajà jà, wọ́n bá àwọn awakọ̀ tó ń sáré lórí fíríwè, ọ̀nà ńlá, jà láti inú mọ́tò tí gíláàsì rẹ̀ wà ní pípadé, wọ́n sì bá ara wọn jà ju gbogbo rẹ̀ lọ. Mi ò kọ ìlà yẹn. Ohun tí mo wá kọ lẹ́yìn ìsìnkú nìyí, ó sì ti gùn ju àyè tí wọ́n fún mi lọ. Mi ò ní to ọdún tí wọ́n bí wọn àti ọdún tí wọ́n gboyè. Ẹni tó bá fẹ́ ìyẹn, kó lọ bi Àǹkù Dàpọ̀.

Màmá àgbà wá sí Houston ní Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí àwa ọmọ Nàìjíríà kò tíì pọ̀ níbí. Gbogbo àwọn tí wọ́n jọ wá ló mọ ohun tí wọ́n wá kọ́: ìṣègùn, iṣẹ́ ẹ̀rọ, òwò. Ní ti màmá àgbà, ìtàn àwọn akọni ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ Yúróòpù láyé àtijọ́ ni wọ́n kọ́, àwọn jagunjagun tó ń wọ aṣọ irin láti orí dé ẹsẹ̀, tí wọ́n ń búra níwájú pẹpẹ kí wọ́n tó gba idà. Kì í ṣe ogun tí wọ́n jà ló jẹ màmá àgbà lógún. Ohun tí gbogbo nǹkan inú ìtàn wọn dúró fún ni. Idà ní ìtumọ̀, nítorí èèkù rẹ̀ rí bí àgbélébùú. Ọ̀kọ̀ tó gùn tó sì tọ́ dúró fún òtítọ́, nítorí òtítọ́ kì í wọ́. Ẹṣin ni ara, ẹni tó gùn ún ni ọkàn, ìjánu sì ni ohun tí kì í jẹ́ kí ara gbé ọkàn lọ síbi tó bá wù ú. Màmá àgbà lè sọ̀rọ̀ ìjánu lásán láti ìgbà tí wọ́n bá gbé omi kaná títí tí ọbẹ̀ á fi jinná.

Àwọn ojúgbà wọn kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Wọ́n pé jọ sílé ẹnìkan lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn dókítà sì bi màmá àgbà lójú gbogbo ènìyàn pé irú àìsàn wo ni ìtàn ẹlẹ́ṣin ń wò sàn. Wọ́n rẹ́rìn-ín kárí ilé. Màmá àgbà bá wọn rín in tán, wọ́n gbé abọ́ oúnjẹ wọn sílẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ̀yin kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ara ṣe. Èmi kọ́ ohun tó yẹ kéèyàn fi ara ṣe tó bá yá tán."

Ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi wa mọ́tò láti Alief, àdúgbò tí wọ́n ń gbé, lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lápá Greenspoint, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ tí kò tíì rí ẹṣin rí àfi lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ọmọ náà bẹ̀rù wọn, wọ́n sì fẹ́ràn wọn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí mi ò lè bá wọn rìn wọ inú mall kankan kí àgbàlagbà ọkùnrin tàbí obìnrin kan má sáré wá kí wọn, kó sì máa ṣàlàyé fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé ìyá yìí ló kọ́ òun pé àwọ̀ funfun àti àwọ̀ pupa lára aṣọ akọni ní ìtumọ̀. Funfun fún ọkàn tó mọ́, pupa fún ẹ̀jẹ̀ tí akọni ṣe tán láti ta sílẹ̀ nítorí ohun tó gbà gbọ́.

Ní pálọ̀ wọn ní Alief ni asà wọn wà, irú èyí tí àwọn akọni fi ń dáàbò bo ara lójú ogun, lára ògiri tó dojú kọ ilẹ̀kùn. Pákó ni, ó fẹ̀, ó sì wúwo. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n kùn ún lọ́dún tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Ilẹ̀ rẹ̀ funfun. Obìnrin kan wà lórí ẹṣin pupa, ó wé gèlè bí ẹni ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi ọwọ́ òsì di ìjánu mú, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ọ̀kọ̀. Lábẹ́ pátákò ẹṣin náà ni dírágónì kan dùbúlẹ̀ sí, aláwọ̀ ewé, ó la ẹnu, ó ká ìrù mọ́ra. Dírágónì yìí ló fa gbogbo wàhálà tí mo fẹ́ sọ.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé gbọ́dọ̀ béèrè ìdí tó fi wà níbẹ̀. Màmá àgbà á ní kó jókòó ná. Wọ́n á wá ṣàlàyé pé nínú ìtàn àwọn akọni ẹlẹ́ṣin, ẹranko burúkú kì í ṣe ẹranko lásán. Sátánì ni, ẹ̀ṣẹ̀ ni, ohun tó ń ba ayé ẹni jẹ́ ni. Èyí tó gbọ́n nínú àwọn akọni náà sì mọ̀ pé inú òun gan-an ni ihò rẹ̀ wà. Mo ṣì kéré nígbà tí mo bi wọ́n pé kí ni orúkọ dírágónì tiwọn. Wọn ò fi pa mọ́ fún mi. "Ìbínú ni," wọ́n ní. "Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n ló ti ń bá mi gbé."

Òótọ́ ni. Ọmọbìnrin kan wà tó ń gba owó ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilé wa kan ní Alief, akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Nàìjíríà. Ó di ọjà màmá àgbà, ó gbé iṣu lé ẹyin lórí, ẹyin fọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ màmá àgbà á mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Wọ́n sọ̀rọ̀ sí ọmọ náà lójú gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn wa, wọ́n bi í bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wọn nìyẹn, bóyá kò ní ìyá tó kọ́ ọ. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Èmi ni mo wa wọ́n padà sílé. Wọn ò bá mi sọ nǹkan kan lọ́nà. Nígbà tí a délé, wọn ò bọ́ sílẹ̀. Wọ́n jókòó pẹ̀lú bẹ́líìtì mọ́tò lára wọn, wọ́n sì ní kí n yí padà.

A padà. Wọ́n rìn lọ bá ọmọ náà níwájú àwọn oníbàárà, wọ́n fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, ọmọ tó kéré sí èmi gan-an. "Mo bú ilé yín, mi ò sì mọ ilé yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Ọmọ náà ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán. "Grandma, abeg, ẹ má ṣe báyìí fún mi," ló ń wí. "I don forget am, ma." Ìtìjú mú mi, mo ń wo ilẹ̀. Ibi tí mo ti dàgbà, àgbà kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọdé, pàápàá lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn báyẹn. Nígbà tí a wọ mọ́tò, ara màmá àgbà ti balẹ̀. Wọ́n ní, "Ó jáde nínú ihò lónìí. Mo ti tẹ̀ ẹ́ padà."

Gbogbo àwa ọmọ-ọmọ wọn ló ní asà. Bí ọmọ bá ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, màmá àgbà á gé páálí tí wọ́n fi di tẹlifíṣọ̀n fún un, wọ́n á kó ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì síwájú rẹ̀, wọ́n á wá sọ òfin: má ya ohun tí o kò lè dúró tì. Ọmọ Àǹkù Dàpọ̀ ya kìnnìún. Màmá àgbà bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ kìnnìún. Ó ní kìnnìún lágbára. Wọ́n ní kó sọ ohun kan tí òun fúnra rẹ̀ ti fi agbára ṣe rí. Ọmọ náà ronú títí, ó fi ọ̀dà pa kìnnìún rẹ́, ó sì ya àbúrò rẹ̀ obìnrin tí òun máa ń pọ̀n sẹ́yìn kọjá àgbàrá bí òjò bá ti kún àdúgbò wọn. Asà yẹn ṣì wà nílé wọn ní Richmond.

Èmi ò rí nǹkan yà. Mo jókòó síbẹ̀ títí ọ̀dà fi gbẹ mọ́ búrọ́ọ̀ṣì. Mo ń retí kí wọ́n bá mi wí, ṣùgbọ́n wọ́n gbé páálí funfun náà, wọ́n kọ́ ọ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Wọ́n ní akọni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí kò tíì ṣe ohun tí wọ́n á fi dá a mọ̀, asà funfun ló máa ń gbé nínú ìtàn. Mo rò pé wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, mo sì bínú fún ọjọ́ mélòó kan. Mo dàgbà, mo di nọ́ọ̀sì, mo lọ́kọ, mo bímọ, asà mi ṣì funfun. Nígbà tí mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n gbé e kúrò lójú àlejò, wọ́n kọ̀. "Kò sí ìtìjú nínú funfun," wọ́n ní. "Irọ́ nìkan ló ń ba asà jẹ́."

Mo wá dé orí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ọkàn màmá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, tí wọn ò lè rìn láti yàrá dé ìdáná láì sinmi, Àǹkù Dàpọ̀ mú ẹgbẹ́ aládùúrà wá bá wọn. Dókítà ni Àǹkù Dàpọ̀, wọ́n mọ ohun tó ń ṣe ìyá wọn. Ṣùgbọ́n díákónì ni wọ́n, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n. Àwọn aládùúrà gbàdúrà, a ṣe àmín, ó dára bẹ́ẹ̀. Àfìgbà tí ìyá tó ṣáájú wọn gbójú sókè tó rí asà. Ó ní wọ́n ti fi han òun. Ó ní dírágónì yẹn ló ń fa ẹ̀mí màmá, pé kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, kí àwọn da òróró sí i, kí àwọn sì sun ún lẹ́yìnkùlé. Kí n tó mọ̀ ọ́n, Àǹkù Dàpọ̀ ti gbé ọwọ́ lé asà.

Màmá àgbà tí a gbé dìde lórí ibùsùn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn dá dìde. Wọ́n fa àga lọ sábẹ́ asà, wọ́n jókòó, wọ́n ń mí gúlegúle, wọ́n ní ẹni tó bá máa mú un kó gba orí àwọn kọjá. Ìyá aládùúrà rọra ní, "Mummy, dírágónì ni o. Ọlọ́run ò fẹ́ ẹ." Màmá àgbà ní kó sún mọ́ ọn, kó wo ẹsẹ̀ ẹṣin dáadáa, kó sì sọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Obìnrin náà tún na ọwọ́ sí dírágónì.

"Ẹ fẹ́ dáná sun ẹni tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀," màmá àgbà ní, "nítorí pé dírágónì nìkan ni ojú yín rí."

Àwọn aládùúrà lọ. Àga yẹn ò kúrò lábẹ́ asà mọ́. Ibẹ̀ ni màmá àgbà ti ń jẹun, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àlejò. Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, pásítọ̀ wàásù nípa àwọn ìyá tó gbé òrìṣà òyìnbó kọ́ sílé. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n gbogbo orí ló yí sọ́dọ̀ wa. Mo bínú débi pé mo fẹ́ dìde jáde. Màmá àgbà di ọwọ́ mi mú. Láti ọjọ́ yẹn, ìlà iwájú pátápátá ni wọ́n ń jókòó sí, nínú aṣọ funfun, tí wọ́n sì ń kọrin sókè ju akọrin lọ. Mo sọ fún wọn pé ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ ní Alief, kò sí plaza ṣọ́ọ̀bù tí ọ̀kan ò sí, kí ni a ń wá níbí? Wọ́n ní, "Mi ò ní fi ilé Bàbá mi sílẹ̀ nítorí ẹni tí wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́."

Ní ọsíbítù, nígbà tí màmá àgbà ti mọ̀ pé àwọn ò ní padà sílé, wọ́n ní kí n sún mọ́ àwọn. Wọ́n ní láyé àwọn akọni ẹlẹ́ṣin, bí ọ̀kan bá kú, wọ́n máa ń gbé asà rẹ̀ tẹ̀ lé òkú rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, kí àwọn tó kù lè rí ohun tó bá jà láyé. Wọ́n fẹ́ kí tiwọn wà lórí pósí wọn. Mo ní mo gbọ́. Wọ́n di ọwọ́ mi mú bíi ti ọjọ́ ìwàásù yẹn. "Àjọkẹ́, inú ṣọ́ọ̀ṣì o. Kì í ṣe ìta."

Nígbà tí màmá àgbà dákẹ́, pásítọ̀ gbà láti ṣe ìsìn ìsìnkú, ṣùgbọ́n ó ní nǹkan yẹn ò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà. Àǹkù Dàpọ̀ ní kò burú. Ọjọ́ náà ni wọ́n lọ sí Alief tí wọ́n sọ asà kalẹ̀, tí wọ́n gbé e lọ sí gáréèjì wọn ní Richmond. Màmá mi bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí àlàáfíà jọba, pé òkú ò ní mọ̀. Mo ní èmi á mọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, mo wa mọ́tò lọ sí Richmond. Àǹkù Dàpọ̀ ti wọṣọ, wọ́n dúró nínú gáréèjì bí ẹni tó ń retí mi. Mo ti ṣètò gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sí wọn láti orí fíríwè, kò sì sí èyí tó dára nínú rẹ̀. Àmọ́ mo rí asà. Wọn ò jù ú sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tuntun ni wọ́n fi wé e, wọ́n fi tìmùtìmù sábẹ́ rẹ̀ kí igun rẹ̀ má bàa bó.

"Àjọkẹ́, please," wọ́n ní. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n pe màmá mi ní àjẹ́ lórí pósí wọn. I can't bear it."

Mo ní, "Àǹkù, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti pe màmá àgbà bẹ́ẹ̀ lójú wọn. Màmá àgbà sì jókòó sí ìlà iwájú."

Àǹkù Dàpọ̀ sunkún. Mi ò rí wọn kí wọ́n sunkún rí, kódà lọ́jọ́ tí màmá àgbà dákẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n tú bẹ́ẹ̀dìṣíìtì náà, wọ́n fi áńkáṣíìfù wọn nu ojú obìnrin orí ẹṣin, wọ́n sì gbé asà sínú mọ́tò mi fúnra wọn.

Pásítọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń kí àwọn ènìyàn. Pósí ti wọlé. Mo gbé asà sí àyà, ó wúwo, mo ń gòkè bọ̀ nínú oòrùn Houston tí kì í ṣàánú ẹni, Àǹkù Dàpọ̀ sì ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Pásítọ̀ rí wa, ó bọ́ sí àárín ilẹ̀kùn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mi ò sọ ní Richmond wà lórí ahọ́n mi: ọ̀rọ̀ ìwàásù tí kò dárúkọ, ọ̀rọ̀ òróró, ọ̀rọ̀ òrìṣà òyìnbó. Mo mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá sọ wọ́n, gbogbo ibẹ̀ á gbọ́, á sì dùn mọ́ mi nínú. Mo rántí màmá àgbà tí wọ́n jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé, tí wọn ò bọ́ sílẹ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Pásítọ̀ ò pariwo. "Sister," ó ní, "kí ni dírágónì ń wá nínú ilé Ọlọ́run?"

"Ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀, sà," mo ní.

Ó wo ojú mi. Ó wá wo asà, bóyá ìgbà àkọ́kọ́ tó wò ó nìyẹn, ojú rẹ̀ sì dúró níbi pátákò ẹṣin. Mi ò mọ ohun tó rò. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì di ilẹ̀kùn mú fún wa. Èmi àti Àǹkù Dàpọ̀ la jọ gbé asà lé orí pósí, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, níwájú gbogbo ènìyàn. Ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀. Ìyá aládùúrà ọjọ́ yẹn wá dúró níbẹ̀ pẹ́, ó tẹ orí síwájú, ó ń wò ó.

Lẹ́yìn tí a ti sin wọ́n tán, tí àlejò ti lọ, mo lọ sí Alief. Ògiri pálọ̀ ṣófo, àyàfi páálí funfun tó wà níbi tí wọ́n kọ́ ọ sí láti ìgbà èwe mi. Mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo gbé e lé orí àga màmá àgbà, mo sì ṣí ọ̀dà tí mo rà lọ́nà. Ẹsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ yà, kí ohun tí mo gbé mì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lè wà lábẹ́ rẹ̀.